Ìdérí Kọ̀ǹpútà Mi Tó Sọnù

Àǹtí Bọ́lánlé,

"Ta ló gbé ìdérí kọ̀ǹpútà mi?" Mo bèèrè títí láàárọ̀ yìí. Màmá ń bá àdúrà wọn lọ. Ẹ̀yin ń din dòdò tí ẹ fẹ́ lọ tà ní Apòmù, ẹ ṣe bí ẹni pé ariwo epo ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Nígbà tí ẹ ń jáde, ẹ ní, "Ọlámijù, fi páálí bò ó jàre." Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà wa! Irin oníhò wẹ́wẹ́ tó bo ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà ni ìdérí yẹn. Ihò yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mí. Bí mo bá fi páálí bò ó, gbogbo inú rẹ̀ ló máa jóná.

Mò ń lọ sí Ìbàdàn báyìí, láti lọ ra káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Ẹ ṣáà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, pé mò ń yan káàdì bí ẹni ń yan ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí ìdérí kò bá yọjú, àpótí tuntun ni màá fi owó náà rà, káàdì á wá di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín.

Ẹ ṣeun fún dòdò orí tábìlì. Bí mo ṣe ń kọ̀wé ni mò ń jẹ ẹ́. Epo ara rẹ̀ ti ro tán, ó dùn gan-an.

Háà! Àǹtí mi! Bí mo ṣe mú èyí tó kù báyìí ni mo rí ohun tí ẹ fi ro epo rẹ̀.

Káàdì ni màá rà. Ẹ bá mi fi omi gbígbóná fọ ìdérí mi.