Ẹyin àti Pósí Màmá Hierl

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kẹrin, 2019
Mo ti rí wọn. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké àtijọ́ méjèèjì! Nínú àká Màmá Hierl, opó kan lẹ́yìn ìlú Regensburg. Wọ́n fẹ́ wó àká náà, àyè ọkọ̀ kan péré ló kù fún màmá — ó ní ká mú èyí tó bá wù wá. Isetta funfun, roboto: mo ti sọ ọ́ ní Ẹyin. Messerschmitt pupa, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gíláàsì ni òrùlé rẹ̀: Pósí. Korbinian ọkọ mi ṣí fìlà fún wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, àfi kí n gbún un ní ìgúnpá kó tó ṣí i.

Ọjọ́ Àìkú, 7
A gun Ẹyin. Imú ọkọ̀ náà ni ilẹ̀kùn rẹ̀! A ṣí i bí ẹní ṣí fíríìjì, ọwọ́ ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀ sì bá ilẹ̀kùn jáde. Ejìká mi kan ti Korbinian. Gbogbo ẹni tó rí wa ló ń rẹ́rìn-ín. Korbinian ní, "Tí a bá pàdé màlúù, orúnkún mi ló máa kọ́kọ́ kí i." Ó ti yan tiẹ̀.

Ọjọ́rú, 10
Pósí, Pósí, Pósí. Mo bu iyọ̀ sí kọfí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Olúwa mi o. A gun Pósí: èmi níwájú, Korbinian lẹ́yìn, ojú ọ̀run lórí wa. Ọwọ́ ọkọ̀ bíi ti bàálù. Tí o bá fẹ́ padà sẹ́yìn, wàá pa ẹ́ńjìnnì, wàá tún un tan kó máa yí sódì — jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì máa sá sẹ́yìn! Ta ló ronú irú èyí?
Korbinian ní: "Ṣé ìpàkọ́ rẹ ni n ó máa wò títí ayé?"
Mo ní ó sàn ju iwájú tìẹ lọ. A bá ìjà náà délé.

Ọjọ́ Àìkú, 14
A ṣì ń jà nínú àká nígbà tí Màmá Hierl ní ká jẹ́ kóun wọ ọkọ̀. Láti ìgbà tí Gotthard ọkọ rẹ̀ ti kú, kò wọ èyíkéyìí nínú wọn mọ́. Ẹ̀yìn mi nínú Pósí ló jókòó sí. Mo tan ẹ́ńjìnnì, a jáde. Lójijì, ọwọ́ kan lù mí pẹ́ẹ́ léjìká ọ̀tún. Mo wò ó — katakata kan ń bọ̀ láti ọ̀tún, mi ò tíì gbọ́ ọ rárá.
Ó ní, "Adití ni Gotthard, ọmọ mi. Kò gbọ́ nǹkan kan rí. Èmi ni etí rẹ̀." Ejìká ọ̀tún, ewu ń bọ̀ lọ́tùn-ún. Òsì, lósì. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, dúró. Wọ́n gun òkè Alps títí dé Ítálì bẹ́ẹ̀. "Nínú funfun yẹn, tí a ti jọ ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, ojú mi ló máa ń fẹ́ wò kó lè mọ ohun tí mò ń sọ. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."
Mo rọra ń wa ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
A mú Ẹyin. Èmi ni mo ní ká fi Pósí sílẹ̀ fún Màmá. Korbinian fẹnu ko ìpàkọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 21
Mo lọ gbé Màmá jáde nínú Pósí tiẹ̀. Afẹ́fẹ́ tutù, koríko ń yọ. Ní oríta, mo fẹ́ ṣẹ́rí padà sílé. Ọwọ́ rẹ̀ lù mí léjìká òsì — ẹ̀ẹ̀mejì, wẹ́rẹ́. Mo wo òsì: kò sí ewu kankan, ọ̀nà gbọọrọ ni, tó lọ sí òkè. Kò tíì kọ́ mi ní ìyẹn.
Mo yà sósì. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn mi.