Màmá Felicia Oyin Akínwọlé, Ọmọ Ọjọ́ Ajé

Ìròyìn ìbí Màmá Felicia Oyin Akínwọlé fi ọjọ́ kan pẹ́ dé etí bàbá wọn, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán títí di òní tí a pé jọ láti sin wọ́n. Ajue ni a ti bí wọn, ní ilé àwọn ìyá wọn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922. Olóògbé Jeremáyà Ọláyídé, àgbẹ̀ kòkó, ọmọ bíbí Odigbo, ni bàbá wọn. Olóògbé Rèbékà Ọláyídé, ọmọ Ajue, ni ìyá wọn. Ẹbí mọ̀ pé ibí yìí gan-an ló yẹ kí a kọ ọjọ́ tí a bí olóògbé sí, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹbí ṣe ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún wa. Bí ọjọ́ náà bá rọrùn láti kọ ni, à bá ti kọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀ ní Ajue, wọ́n rán Olúbáyọ̀, àbúrò ìyá ọmọ, pé kó gba ọ̀nà igbó lọ sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Odigbo. Ó gbéra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ níbi tí wọ́n ti ń dá ẹmu, ẹmu ọjọ́ náà sì dùn. Ọjọ́ kejì ló wọ Odigbo pẹ̀lú ojú pípọ́n. Wọ́n bi í léèrè ìgbà tí ọmọ dé. Kò jẹ́ sọ pé òun sùn sọ́nà. Ó ní, "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. N kò tilẹ̀ jókòó jẹun kí n tó máa bọ̀." Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà. Bàbá Ọláyídé fò sókè, wọ́n jó láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ọ̀dọ̀ Kátíkíìsì, wọ́n sì kéde fún gbogbo ìjọ Odigbo pé Ọlọ́run fún àwọn ní ọmọbìnrin lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí ìyá ọmọ fi dé, wọn kò fẹ́ dójú ti àbúrò wọn. Bí irọ́ kékeré kan ṣe wọ inú ìjọ Ọlọ́run nìyẹn, tó rí àga, tó jókòó.

Ní ọdún 1930, wọ́n fi Màmá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Odigbo. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Kejì kí bàbá wọn tó ní èyí tí wọ́n kà ti tó obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n títí ayé. Láti ìgbà náà ni Màmá kò ti lè fara dà á bí ẹnikẹ́ni bá ń ka Bíbélì bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọnu.

Ní ọdún 1942, Màmá fẹ́ olóògbé Josiah Akínwọlé, tọkọtaya sì kó lọ sí Abà Ìrókò, abúlé kékeré tó yà lára ọ̀nà Ajue. Wọ́n gbin kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Bàbá Victor, bí a ti ń pe ọkọ wọn nítorí àkọ́bí wọn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; Màmá ló ń sọ ti àwọn méjèèjì. Nígbà tí Bàbá papòdà ní ọdún 1976, Màmá ní ilé náà dákẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ni a ti ń gbọ́ ohùn wọn níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga ọkọ wọn títí wọ́n fi kúrò ní abà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Epo pupa àti gààrí ni Màmá fi tọ́ àwa ọmọ. Ní ọjọ́ ọjà Ore, ọkọ̀ Kàsímù, awakọ̀ Mùsùlùmí tó ń kó ẹrù àwọn ará abà, ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Kàsímù máa ń sọ pé bí Ìyá Victor bá ti jókòó síwájú ọkọ̀, òun kò nílò họ́ọ̀nù mọ́.

Ní ọdún 1953, Màmá àti ọkọ wọn wà lára àwọn tó mọ ilé ìsìn Ìjọ Tómásì Mímọ́ ní Abà Ìrókò. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí ìjọ náà kò bí Màmá nínú. Bí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ bá dé, ara ọ̀pẹ tó ń so lóko Màmá ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gé imọ̀, wọ́n á fi èyí tí kò so mọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ìsìn òwúrọ̀ kùtùkùtù á bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ń ta ènìyàn lórí. Bí ó bá di Kérésìmesì, àwọn tó wá láti Èkó á gba àga iwájú, wọ́n á sì ti lọ kí ó tó kan gbígbá ilé ìsìn. Màmá ló ń gbá a. Bí wọ́n ti ń gbá a ni wọ́n ń ráhùn, bí wọ́n ti ń ráhùn ni wọ́n ń gbá a. Wọ́n ní, "Ọlọ́run nìkan ló lè fẹ́ràn ìjọ yìí. Èmi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ṣùgbọ́n Ìkórè ni ayọ̀ Màmá. Ní ìjọ wa, ọjọ́ tí a bí oníkálukú ni a fi ń pè é jáde láti gbé irè oko jó lọ síwájú pẹpẹ. Ọmọ Ọjọ́ Àìkú ló ń ṣíwájú. Àwọn ló pọ̀ jù, àwọn ló rí jájẹ jù, Bàbá Fọlárìn tó ní oko kòkó tó fẹ̀ jù ní abà wa sì ni olórí wọn. Ọmọ Ọjọ́ Ajé ló tẹ̀ lé wọn, Màmá ni olórí tiwọn. Ẹgbẹ́ náà kò pọ̀: àwọn àgbàlagbà mélòó kan tí orúnkún ń dùn, àti Kàsímù. Ní ọjọ́ Ìkórè, Kàsímù á pa ọkọ̀ sábẹ́ igi, á sì wá jó lẹ́yìn wọn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Nígbà tí Kátíkíìsì ìjọ wa bi í ohun tó ń wá, ó ní, "Mùsùlùmí ni mí o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé náà ni ìyá mi bí mi."

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, nígbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba, tí nǹkan le koko, tí àwọn ènìyàn ń tò sórí ìlà ní Ore nítorí iyọ̀ àti ọṣẹ, ìjì jà ní Abà Ìrókò, ó sì ṣí òrùlé ilé ìsìn bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Páànù ti di ohun tí a ń fojú rí lọ́jà tí ọwọ́ kò tó. Àlùfáà tó máa ń wá láti Ore ní kí ẹgbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bo ibi tí ó ń jókòó sí. Màmá dìde, wọ́n béèrè bóyá òjò náà ti gbọ́ pé a ti pín ilé. Wọ́n ní kí Màmá jókòó. Láìpẹ́, Ọmọ Ọjọ́ Àìkú bo tiwọn. Nígbà tí oòrùn bá yọ, páànù tuntun náà á máa dán bí ẹni pé odò kan ń sinmi lórí ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń fi imọ̀ ọ̀pẹ àti páànù àlòkù lẹ tiwọn. Apá ti Ọjọ́ Ajé, tí kò ní owó páànù tàbí orúnkún tó lè gun àkàbà, ń wo ojú ọ̀run.

Báyìí ni a ṣe dé Ìkórè ọdún 1984. Màmá Mẹ́rì, àbúrò ìyá Màmá, wá láti Ajue láti bá wa dúpẹ́. Wọ́n ti dàgbà, etí wọn kò gbọ́ràn mọ́ dáadáa, nítorí náà ariwo ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe pe Ọmọ Ọjọ́ Ajé, tí Màmá gbé kèǹgbè epo karí, tí ìlù sáḿbà ń dún, ni Màmá Mẹ́rì ké láti ìdí ògiri pé, "Oyin! Kí lò ń wá láàárín wọn? Ọjọ́ Àìkú la bí ọ! Olúbáyọ̀ ló sùn sídìí ẹmu!" Sáḿbà dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tẹmu-tẹmu, níwájú pẹpẹ.

Bàbá Fọlárìn kò jẹ́ kí ó tutù. Wọ́n ní, "Ìyá Victor, ẹ kú oríire. Ẹ máa bọ̀ lábẹ́ páànù. Àwọn ènìyàn yín ń dúró dè yín." Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ibi tí Màmá bá wà ni epo, gààrí àti ariwo ń wà. Màmá dáhùn pé, "Ìyá àgbà tó ní ọmọ-ọmọ ni ẹ fẹ́ gbà tọ́ yìí o, ẹ ro ó dáadáa." Kátíkíìsì, tó fẹ́ràn àlàáfíà ju òtítọ́ lọ, dá a lábàá pé kí Màmá jó lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi rọbí?"

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré ni. Kátíkíìsì ti sọ ọ́ gbangba pé bí Màmá bá kúrò, òun yóò tú Ẹgbẹ́ Ọjọ́ Ajé ká, òun yóò sì pín àwọn arúgbó náà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ yòókù, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dúró de orúnkún wọn. Bí Màmá kò bá sì kúrò, inú òjò ni wọn yóò máa jókòó. Ikọ́ sì ti ń ṣe Màmá. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1985 tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìjókòó Màmá kò yí padà. Wọ́n ṣí agbòjò, wọ́n pe àwọn arúgbó wọn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń kọrin sókè ju àwọn tó wà lábẹ́ páànù lọ. Nígbà mìíràn òjò á máa rọ̀ sórí páànù àwọn kan, á máa rọ̀ sórí agbòjò àwọn kan, ilé ìsìn kan náà á ní ohùn òjò méjì. Victor, àkọ́bí wọn, wá láti Ore láti bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Màmá, òjò yìí ń pa yín." Màmá ní, "Ṣé iyọ̀ ni mí? Bí mo bá jẹ́ iyọ̀ ni, wọn ì bá ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi."

Ní oṣù Kẹjọ, àárẹ̀ Màmá pọ̀ sí i, Victor sì gbé wọn lọ sí ilé rẹ̀ ní Ore. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 1985. Ọjọ́rú ni. Ẹbí gbà pé Màmá mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan dì mú.

Àsán ni. Ojú wa kò tíì gbẹ tí Ọmọ Ọjọ́ Àìkú fi dé, tí wọ́n ní ọmọ àwọn ló kú, àwọn ni yóò gbé pósí. Ọmọ Ọjọ́ Ajé dé tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ju olórí àwọn lọ. Wọ́n jẹ èbà wa, wọ́n sì bá ara wọn jà lójú wa. Kátíkíìsì tún dá àbá tirẹ̀: kí Ọmọ Àìkú gbé apá orí, kí Ọmọ Ajé gbé apá ẹsẹ̀. Ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Kátíkíìsì. A kò gbà.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Màmá ni ọmọ wọn: Ọ̀gbẹ́ni Victor Akínwọlé, Ore, Ìyáàfin Pamílẹ́rìn Adéṣidà, Ago Alaye, àti Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ Akínwọlé, Èkó, pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo, Ọlọ́runtóbi, tí ó ti ń pariwo bíi Màmá. Màmá Mẹ́rì ti Ajue náà ṣì wà láyé. A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ohunkóhun lónìí.

Ẹ̀yin ará Abà Ìrókò, ẹ má bi wá mọ́. Ọjọ́ tí a bí Màmá wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọjọ́ tí wọ́n yàn ló wà lọ́wọ́ wa. Màmá, ìyá tó ń ráhùn tí kò sì fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ẹ sùn ire o. Kí ilé tí ẹ lọ má jò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Bàbá Fọlárìn sọ ni a ó tẹ̀ lé. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Màmá, Bàbá Fọlárìn gbé iṣu wá kí wọn ní Ore. Wọ́n ṣèlérí pé bí ọjọ́ bá dé, abẹ́ páànù Ọmọ Àìkú ni àwọn yóò tẹ́ Màmá sí, ìrì kan kò ní kán sí wọn lára. Màmá ní kí Victor gbé àwọn dìde jókòó. Wọ́n wo ojú Bàbá Fọlárìn, wọ́n ní:

"Bàbá Fọlárìn, ẹ ṣeun fún iṣu. Mo gbà pé ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi bí mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni bàbá mi gbọ́ pé mo wà láyé, ọjọ́ Ajé ni wọ́n jó. Ibi tí wọ́n ti yọ̀ nítorí mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọjọ́ Ajé ni mí. Àwọn ni kó gbé mi, Kàsímù náà. Apá tiwa ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, kó rọ̀."