Àpótí Onígíláàsì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Èmi tí gbogbo òpópónà yìí ń pè ní Bàbá Oníràndá, káfíńtà, bàbá ọmọ méjì, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, mo jókòó nídìí tábìlì iṣẹ́ mi, mo sì ń sọ pé orí mi pé, ojú mi ṣì ń rí ìlà pẹ́ńsù lára pákó, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn yìí ń lọ fún mi. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe tẹ́lẹ̀, mo fagi lé e. Èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí mo fi ṣe alámòójútó ìhágún mi. Ẹ máa gbọ́ ẹni náà nísàlẹ̀. Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí má fo ibì kankan, kó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

1. Ilé tí mo ń gbé. Àkọ́bí mi ọkùnrin ló ni òkè. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló ni ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Àtẹ̀gùn tó wà láàárín, ẹ jọ ni ín. Ibì kan wà lára rẹ̀ tó máa ń dún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tún un ṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ nígbà tí àkọ́bí mi ń bàlágà ni, kí n lè mọ ìgbà tó ń wọlé.

2. Ológbò mi, tó máa ń sùn sínú èérún pákó, àkọ́bí mi ni kó mú un. Mo mọ̀ pé ó kórìíra irun lára aṣọ ọ́fíìsì. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n tún ilé ìkàwé ṣí lè fara da irun díẹ̀.

3. Àkàbà gígùn, mo hágún un fún wẹ́dà tó ń jó irin ní iwájú òpópónà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló wà. Nígbà tí gbogbo wa ń kó irinṣẹ́ lọ sí ilé ìkàwé, òun nìkan ló ní òun ò lọ. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Lónìí, òun nìkan ni irinṣẹ́ rẹ̀ pé.

4. Àwọn irinṣẹ́ mi. Àbíkẹ́yìn mi ni mo hágún gbogbo wọn fún, nítorí òun ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, òun ló sì ń ṣe é: ràndá ńlá tí mo fi ń fá pákó, tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, ràndá kékeré, àwọn ayùn, òòlù onígi, àti àwọn irin tí mo fi ń gbẹ́ ihò.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Inú àpótí onígíláàsì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé ni wọ́n wà, wọ́n sì ti tì í pa. Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Oníwèé, ló wá bá wa. Ilé náà ti ń di ahoro nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan ló ń wọ ibẹ̀, àwọn náà, bí òjò bá ń rọ̀ ni. Ó ní kí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kó irinṣẹ́ wa wá, kí a tò wọ́n sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí ẹni tó bá ní káàdì máa yá ayùn bó ṣe ń yá ìwé. Àwa á máa wá kọ́ àwọn èèyàn ní Sátidé. Òun náà á máa bá wa ka àdéhùn tí àwọn oníbàárà ńlá bá gbé wá, kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ. Òfin kan la fi síbẹ̀: ẹni tó bá yá irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ pọ́n ọn kó tó dá a padà.

Mo bi í pé ta wá ló ni irinṣẹ́ báyìí. Ó ní, "Tiyín náà ni, Bàbá Oníràndá. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kàn ń sùn."

Mo gbà á gbọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Kí n tó mọ ìyá àwọn ọmọ mi, òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe aya. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ̀, ó sì fún mi ní káàdì ilé ìkàwé lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ìyàwó mi gbọ́ ìtàn náà, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lọ tọrọ ìyàwó, mo gba káàdì bọ̀.

Iṣẹ́ náà dára, mi ò ní purọ́. Ìyá Télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kan wá. Opó kan láti òpópónà kejì yá ayùn mi, ó yá ìwé mọ́ ọn, ó sì tún òrùlé ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tó dá ayùn náà padà, ó mú débi pé ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà yẹn, tí mo bá ń kọjá níwájú ilé ìkàwé, ṣe ni mo máa ń rìn bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn olówó láti òkèèrè wá gbọ́ nípa wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ilé ìkàwé ṣe àjọṣe. Wọ́n kun ilé, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ní àsìkò yẹn ni Àǹtí Oníwèé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kí n bá òun kan àpótí onígíláàsì kan tó gùn, tó sì ní àgádágodo, nítorí àwọn ìwé àtijọ́ tí ìkán ń jẹ. Pákó tó dára jù lọ́wọ́ mi ni mo lò. Mo lọ yá ràndá ńlá mi lórí pẹpẹ láti fi fá a. Mo pọ́n ọn, mo sì dá a padà bí òfin ṣe wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ilé náà ṣí, ràndá yẹn ló wà nínú àpótí. Gbogbo irinṣẹ́ wa ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi epo pa wọ́n, wọ́n tan iná kékeré sí wọn lórí. Wọ́n kọ ọ́ sára gíláàsì pé irinṣẹ́ àwọn baba wa láyé àtijọ́ nìyí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ṣì ní tábìlì oníbàárà nílẹ̀ tí mi ò tíì parí ni wọ́n sọ di ayé àtijọ́. Mo sún mọ́ ọn, ẹ̀ṣọ́ ní kí n sún sẹ́yìn. Orí àga tí mo kàn ló jókòó sí tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Oníwèé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó gbé ojú kúrò, ó nawọ́ sí ràndá mi, ó sì ń ṣàlàyé fún wọn bí wọ́n ṣe ń dì í mú àti bí wọ́n ṣe ń tì í. Bí mo ṣe kọ́ ọ gan-an ló ń sọ ọ́, kò ṣì í. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àkọ́bí mi wà lára wọn, ó ní ṣe ni wọ́n bọlá fún mi. A ò tíì parí ìjà yẹn.

Mo lọ bá Àǹtí Oníwèé lẹ́yìn náà. Ó ní àwọn olówó fẹ́ ohun tí ojú ń rí, pé bí irinṣẹ́ bá kúrò, àwọn náà á kúrò. Ó ní kí n ní sùúrù. Mo ní in. Láti ìgbà yẹn ni àbíkẹ́yìn mi ti ń tọrọ ràndá kiri. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kò rí ràndá yá lásìkò. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí n kò bá ṣe nǹkan kan kí n tó lọ, ṣọ́ọ̀bù yìí á tì.

5. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo hágún un fún Àǹtí Oníwèé. Òun nìkan ló ń jókòó sí i. Mi ò lè fún ẹlòmíì, mi ò sì lè dáná sun ún. Mo ti gbìyànjú méjèèjì.

6. Alámòójútó ìhágún mi. Àǹtí Oníwèé ni. Àkọ́bí mi, má pariwo. Àbíkẹ́yìn mi, jókòó jẹ́ẹ́.

Àǹtí Oníwèé, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ alámòójútó ni pé kó fa ohun tí òkú fi sílẹ̀ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ìwé yìí, kí o ṣí àpótí náà lójú gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ òpópónà wa, kí o kó irinṣẹ́ kálukú fún un, kí o sì gbé ràndá ńlá lé ọmọ mi lọ́wọ́. Kí o pọ́n ọn ná. Òfin wa ni.

Ó yẹ kí o mọ nǹkan kan. Pátákó ẹ̀yìn àpótí yẹn kò ní ìṣó. Mo gbẹ́ ojú ihò tóóró tó wọ̀ sí fún un ni, kí o lè rí ìwé rẹ kó jáde bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kàn gbé e sókè díẹ̀, á sì bọ́. Láti ọjọ́ tí o ti tì í, kò sí ìgbà tí mi ò lè lọ kó irinṣẹ́ mi. Mi ò lọ. Mò ń retí kí ìwọ fúnra rẹ ṣí i láti iwájú. Mo retí títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ pátákó ẹ̀yìn yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn mi wà níjòókòó bí wọ́n ṣe ń kà á yìí, ó sì ti gbọ́. Nítorí náà, tètè lọ.

Mo fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi, lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta.
Bàbá Oníràndá, káfíńtà.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìyá Télọ̀, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràndá mi nínú àpótí náà.
Ẹlẹ́rìí kejì: bíríkìlà òpópónà wa, tó ti ibi iṣẹ́ sáré wá. Símẹ́ǹtì ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára ìwé yìí, ẹ má nù ún.