Gílóòbù Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ti Dáhùn Orúkọ Rẹ̀

Ìsàn-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú ìyá rẹ kú kò ní jẹ́ kí iná ilé rẹ kú ní Èkó. Ara mi le, iṣu ta dáadáa, kòkó nìkan ni òjò bà jẹ́ díẹ̀. Ìyá rẹ ti ti Ìdó dé lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ abẹ ojú náà yọrí sí rere, gbogbo gílóòbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o fi sílé yìí ló sì ń dáhùn báyìí, títí kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lágídí.

O mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìyá rẹ ti ṣubú nígbà òjò, tó ń lọ sí balùwẹ̀ nínú òkùnkùn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí o fi ra gílóòbù tó ń tan fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti padà ni kò ti tan mọ́. Àbẹ̀kẹ́ àbúrò ìyá rẹ wá láti Òsì, ó ní bí ibẹ̀ bá ṣì dúdú lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ òun ni ẹ̀gbọ́n òun yóò máa gbé, kí èmi Tíṣà máa dá gún iyán mi. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kan wáyà, kí n wá fi ọwọ́ ọkùnrin tan án.

Fóònù tí o fi sílẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò rí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gun àga, mo gbé fóònù náà kò ó lójú, mo dúró pẹ́ kí ó lè rí i dáadáa, síbẹ̀ ó ní òun kò rí i. Mo nu ojú rẹ̀, torí mo rò pé bóyá ojú tirẹ̀ náà ti ń ṣú. Ẹ̀rọ funfun kékeré tí o fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, mo ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì dúpẹ́, ẹ̀fọn dín kù gan-an.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo rántí iṣẹ́ mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi pe orúkọ ọmọ iléèwé, ọmọ tí kò bá dáhùn, yálà kò wá ni tàbí kò gbọ́. Mo mú rẹ́jísítà àtijọ́ kan, mo kọ orúkọ àwọn gílóòbù sí i, mo ń tẹ fóònù, mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá mi wà. Pálọ̀ wà, àmọ́ ó pẹ́ dé. Ilé ìdáná dáhùn lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí. Mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí yàrá mi ni etí wọn ń di.

Ojú tì mí, torí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. O bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ wáìfáì, tí àwọn gílóòbù fi ń gbọ́ ìpè, wà lórí tábìlì pálọ̀. Mo ní mo gbọ́. Ọkọ̀ rẹ kò tíì dé Ayédé tí mo fi gbé e sínú àpótí irin tó wà ní yàrá mi, níbi tí ìwé ilẹ̀, ìwé ìrìbọmi yín àti gbogbo ohun iyebíye ilé yìí ń gbé. Mo fa wáyà rẹ̀ gba ibi tí irin ti dípẹtà, mo sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Mo rò pé mo ń bọlá fún un ni.

Nígbà tí mo gbé e kúrò, mo rí rédíò tí o tú palẹ̀ nígbà tí o wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo nà ọ́ lé lórí, tí mo ní ọmọ mi obìnrin kò ní ṣe rẹ̀pírà. Wáyà rẹ̀ ṣì wà bí o ṣe tò ó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́.

Mo gbé wáìfáì sí pálọ̀, mo tún pe orúkọ. Ilé ìdáná dáhùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ògiri amọ̀ tí bàbá mi mọ nípọn. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ funfun tí mo pè ní ti ẹ̀fọn wá, mo rí i pé iṣẹ́ ògbufọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe: ó ń gbọ́ ti iwájú, ó ń tún un sọ fún ará ẹ̀yìn. Mo yọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tan. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló jẹ́ mi, mo sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí i pé ó káre. Ẹ̀fọn ti padà sí yàrá mi, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àbẹ̀kẹ́ di ìyá rẹ mú wọlé, ó ti di ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ de Òsì. Bí wọ́n ṣe gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná là. Ìyá rẹ, tí wọ́n ṣì lẹ ojú rẹ̀ kan pa, ní ojú ulé yìí ti là kí tòun tó là. Àbẹ̀kẹ́ jáde, ó tún wọlé, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní kí Tíṣà gún iyán, òun yóò jẹ ẹ́ kí òun tó lọ. Mo gún un.

Jọ̀wọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, wáìfáì ń jẹun ju ọmọ ogun lọ, kí o sì fi ti àwọ̀n ẹ̀fọn kún un. Mo fi rédíò náà rán Festus awakọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, sukudiráfà rẹ tí mo gbà wà nínú ọ̀rá. Gbé e bọ̀ ní Kérésìmesì, kí o tún un ṣe níwájú mi. Èmi ni n óo di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ohunkóhun tí o bá pè láyé, kí ó máa jẹ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
S. A. Ẹlúyẹmí.