Cleotha, Wọ́n Ní Kí N Dákẹ́ Nínú Orin Rẹ

Cleotha Gatewood, ọkọ mi, ọdún méje pé lónìí tí o gbé gìtá kalẹ̀ tí o ò padà wá gbé e mọ́. Ọdún méje! Mo rò pé inú mi yóò ti rọ̀. Kò rọ̀ o. Bí mo ṣe ń kọ èyí, bí òróró orí iná ni inú mi ń hó.

Dewitt ọmọ rẹ ní kí n kọ ìlà mẹ́rin péré sínú ìwé ìròyìn, kí n fi àwòrán rẹ sí i, kí n sọ pé o ń sinmi. Ìlà mẹ́rin! Fún ọkùnrin tí mo sùn tì fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ń hanrun bí katakata tó rì sínú ẹrẹ̀! Ìlà mẹ́rin ò tó fún ìhanrun rẹ nìkan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Tamesha, ọmọ Dewitt, tí o máa ń gbé lé orúnkún bó o bá ń so okùn gìtá, ti di obìnrin. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ohùn rẹ ló ní, àgídí mi ló ní. Elzie ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń fọn hamóníkà, ti lọ ṣe eyín tuntun. Eyín náà funfun bí àwo, àmọ́ bó bá ti fẹ́ fọn, eyín á fẹ́ bá fèrè jáde. Ní báyìí, ńṣe ló ń yọ eyín sápò kó tó fi hamóníkà sẹ́nu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi fẹ́ dà sí mi lára. Ọjọ́ orí ti dé, Cleotha. Bí ẹ̀rín bá ń bọ̀ báyìí, mo ní láti kọ́kọ́ wá ibi jókòó.

Ilé orin wa lẹ́bàá ojú irin ṣì dúró. Mo ti fi páànù tuntun bo ìdajì òrùlé. Ìdajì kejì ń jò bí ajẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ń din ẹja àrọ̀ nínú agbada dúdú tí o fi tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ bàbá mi.

Ṣùgbọ́n wá wo ìgboro! Wá wo ìlú Tolliver wa! Ojú pópó tí o fi sílẹ̀ ní ahoro, tí ajá ń sùn sí láàárín títì, ti di ojúko orin búlúùsì. Kíláàbù mẹ́rin! Mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́ta! Ọ̀kan wà nínú ilé ìfowópamọ́ àtijọ́. Òmíràn wà nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí àwa èèyàn dúdú ti ẹsẹ̀ bọ bàtà wò ká tó rà á. O rántí? Ìyá rẹ máa ń fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ nílé, á mú okùn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orin wa báyìí. Wọ́n ya ọkùnrin dúdú tó gbé gìtá sí gbogbo ara ògiri ìta, ojú ọ̀kan ò sì jọ ti ẹnì kankan tá a mọ̀.

Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Kí wọ́n máa bọ̀! Ìlú tí ebi ti ń pa láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ pa, ta ni yóò rí àlejò tí yóò bínú? Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń parí. Mẹ́sàn-án! Ìgbà tí ìwọ ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì! Wọ́n ń bá adìyẹ wọlé sùn, wọ́n ní fàájì alẹ́ làwọn ń ṣe.

Lóṣù karùn-ún, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Grady Pruitt wá bá mi. Òun ló ra ilé bàtà yẹn. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹja mi, ó lá ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní òun fẹ́ fi orúkọ rẹ pe kíláàbù òun: Ilé Cleotha. Ó ní kí n ṣáà ti fọwọ́ sí ìwé, Tamesha ni yóò sì máa kọrin níbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Cleotha, mo sunkún. Orúkọ rẹ, nínú iná mànàmáná tó ń tàn yòò, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ìyá rẹ ti ń na okùn síta! Mo ní màá fọwọ́ sí i, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin níbẹ̀.

Dewitt pariwo mọ́ mi: "Màmá, kí lẹ tún fẹ́ lọ gbọ́? Ẹ fọwọ́ sí i, kọ́mọ mi rí iṣẹ́ ṣe!"

Mo lọ. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ṣì wà lókè. Mo wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè yẹn, èyí tí o sọ pé ó ń jẹ́ kí ìdí mi kí èèyàn kí ẹnu mi tó kí wọn. Wọ́n fi mí síwájú bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Àga wọn ní apá méjì, ó sì fún. Mo fún ara mi wọ inú ẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ni mo mọ̀ pé jíjáde yóò gba àdúrà. Káàdì kékeré kan wà lórí tábìlì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ bí orin bá ń lọ. Mo rò pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń bá wí.

Tamesha, tí Grady ní kó wá dán ara ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, bọ́ síwájú. Orin rẹ ló mú, ti ọdún tí odò kún: "Omi wọlé, ó bá mi lórí ibùsùn." Ó wá fi àyè sílẹ̀, bí o ṣe kọ́ ọ.

Ìwọ mọ bí orin wa ṣe rí. Akọrin á sọ ọ̀rọ̀ kan, á fi àyè sílẹ̀. Á tún un sọ, á tún fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń sọ ẹ̀kẹta tó máa já ọ̀rọ̀ délé. Àyè yẹn kì í ṣe òfìfo, ti àwọn tó wà nínú ilé ni. Ìwọ lo máa ń wí pé ẹni tó bá ń kọrin fún ilé tó dákẹ́, òkú ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ni mo bá dáhùn! "Sọ ọ́, ọmọ mi! Ṣé ó wọ abẹ́ aṣọ ìbora?"

Gbogbo orí yí padà wò mí. Ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú bẹ̀rẹ̀ sétí mi. "Màmá, ẹ má bínú, àwọn èèyàn ń gbọ́ orin."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ń dá a lóhùn nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Wọ́n sanwó kí wọ́n lè gbọ́ ni."

Mo sì dákẹ́. Èmi! Èmi Verlean tó fi ìdí agbada lé ọ̀mùtí mẹ́ta jáde lálẹ́ ọjọ́ kan! Mo ro iṣẹ́ ọmọ, mo ro orúkọ rẹ nínú iná, mo pa ẹnu mi dé bí ẹnu àpò.

Tamesha tún un sọ: "Omi wọlé, ó bá mi lórí ibùsùn." Ó fi àyè sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mí. Mo gbọ́ yìnyín tó yẹ̀ nínú ife ẹnì kan. Ọmọ náà wò mí lójú. Mo wo itan ara mi. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, Cleotha, ó ń retí mi! Ọ̀rọ̀ kẹta sì bọ́ lọ́kàn ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, ó jẹ́ kí gìtá máa dá lọ. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àtẹ́wọ́ tó mọ́ tónítóní bí ọwọ́ dókítà.

Mo fẹ́ fi ìbínú dìde kí n jáde. Àga bá mi dìde! Ọkùnrin méjì ló di ẹsẹ̀ àga mú, ọ̀kan di èmi mú. Nígbà tí àga jáwọ́ lára mi, ó dún gbàmù débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní títì. Àwọn tó ní kí n má pariwo, àga wọn ló pariwo jù! Bó o bá wà níbẹ̀, wàá ti yí gbiri lórí ilẹ̀.

N ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tá a wọ mọ́tò. Tamesha ò tí ì tan iná ọkọ̀ tó fi sọ ọ́: "Màmá Àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu?"

Mo ní kó ṣáà máa wakọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé ìwé náà lọ bá Grady. Mo ní màá fọwọ́ sí i, kó ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò ní pa ẹnì kankan lẹ́nu mọ́ ní Ilé Cleotha. Ó họ orí. "Màmá Verlean, ẹ̀yin nìkan ni mo lè yọ̀ǹda fún. Màá fún yín ní tábìlì tiyín, nítòsí ilé ìdáná."

"Ṣé èmi nìkan ni odò kún bá?"

"Àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá fẹ́ gbọ́ gbogbo orin náà ni, Màmá."

"Tiwa náà wà lára orin náà, ọmọ mi! Ìdajì lò ń tà fún wọn!"

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó tún ń bí mi nínú nìyẹn! Èèyàn burúkú ì bá rọrùn láti bú. Ó gbọ́ mi dópin, ó dúpẹ́, ó mú ìwé ẹ̀ padà láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Ní báyìí, Yàrá Òwú lohun tó kọ sẹ́nu ọ̀nà. Yàrá Òwú! Èmi tí mo ká òwú láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, yàrá wo ni òwú fún mi?

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta Tamesha ti di ẹyọ kan. Dewitt ò jẹ ẹja mi láti ìgbà náà. Ó ní mo fi ariwo ṣèdíwọ́ fún ọmọ òun, mo sì ti fi orúkọ bàbá òun pamọ́ sínú òkùnkùn. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń tu èpò ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń rò ó pé bóyá òótọ́ ló sọ. Cleotha, ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo ṣì í ṣe? Ìwọ nìkan ni mo máa bi, ìwọ nìkan lo sì kọ̀ tí o ò fọhùn.

Ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Tamesha ń gbé gìtá rẹ wá sí ilé orin wa. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú Elzie, eyín ẹ̀ nínú àpò. Òjò ń kán sínú garawa méjì. Àlejò méjì, tọkọtaya, ṣìnà dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ra ẹja díndín mi, wọ́n jókòó tì í bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Tamesha ní omi wọlé, ó bá òun lórí ibùsùn, ó sì fi àyè sílẹ̀. Elzie kígbe mọ́ wọn: "Ẹ̀yin ará, ẹ fèsì! Ẹja yẹn ò ní jáde lẹ́nu yín!" Obìnrin náà fọwọ́ di fìlà ẹ̀ mú, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," fínfín, bí eku. A yìn ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde rìn! Lẹ́ẹ̀kejì tí Tamesha sọ ọ́, obìnrin yìí ló kọ́kọ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ kẹta sì jáde lẹ́nu ọmọ wa gbangba, ilé mì tìtì.

Èèyàn mọ́kànlá ò lè tún òrùlé ṣe. Mo mọ̀. Inú ṣì ń bí mi sí òrùlé, sí káàdì orí tábìlì, sí Dewitt, sí ara mi lọ́jọ́ tí mo wo itan. Inú ń bí mi sí ìwọ pàápàá, tó o lọ tó o fi gbogbo èyí sílẹ̀ fún obìnrin tí orúnkún ń dùn!

Ṣùgbọ́n gbọ́, ọkọ mi. O ní ẹni tó bá ń kọrin fún ilé tó dákẹ́, òkú ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún méje ni mo ti ń bá òkú sọ̀rọ̀, kò sì sí ọmọ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó lè pa mí lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ, Cleotha. Tamesha fẹ́ràn rẹ. Dewitt tó ń bínú, ìfẹ́ rẹ ló ń bínú nítorí ẹ̀. Àárò rẹ ń sọ wá, gbogbo wa, títí dórí Elzie aláìléyín.

Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: Cleotha, mo fẹ́ràn rẹ.

Mo fi àyè sílẹ̀.

Mo tún un sọ: Cleotha, mo fẹ́ràn rẹ.

Mo dúró.

Verlean, ìyàwó rẹ