Ibi Tí Gbogbo Wọn Kọjú Sí

Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ ti dé.

Ìsàlẹ̀ náà ni àwọn ọfà inú kọ̀ǹpútà mi tún kọjú sí lónìí.

Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà tí ìṣirò mi lórí irin òòfà fi ń bẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ ti yá laptop ọ̀rẹ́ mi ṣe é, ìsàlẹ̀ náà ni. Tí ooru bá pọ̀ nínú ìṣirò yìí, àwọn ọfà kéékèèké tó kún ojú kọ̀ǹpútà á máa kọjú sókè sódò, kálukú ń ṣe tiẹ̀. Tí mo bá wá ń dín ooru kù díẹ̀díẹ̀, ó níbi tó máa dé, gbogbo wọn á gba ọ̀nà kan náà. Ìyẹn ò burú, ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ òkè nígbà mìíràn, torí kò sí ohun tó ní kí wọ́n yan ìsàlẹ̀.

"Nǹkan kan ń tì wọ́n," ni Prọ́f tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wí. "Lọ wá a nínú kóòdù rẹ, àṣìṣe rẹ ni."

Mo wá a títí. Kò sí.

Mo fi ìbínú lọ ra ẹ̀wà ní Sábó nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe dé ìdí àwọn àgbò títà, gbogbo wọn ṣàdédé dákẹ́, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ògiri lásán ló wà níbẹ̀.

Mo bi Alhájì tó ń tà wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò.

"Mi ò mọ̀ o." Kò yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà ń wò ó."

Òótọ́ ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo yíjú.

Mi ò ra ẹ̀wà mọ́. Lọ́la, màá sọ fún Prọ́f pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àṣìṣe.