Orin Tí Ẹ Fi Ń Bú Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ara mi le, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí yín. Ẹ ní ariwo lásán ni orin tí mo ń kọ, pé kò ní pẹ́ kú. Mo kọ ọ́ níbi iṣẹ́ tí a ti ń lọ aṣọ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ àjèjì yìí. Ìyá tó dúró tì mí ní, “Ọmọ mi, ṣé inú ń run ọ́ ni?”

Lọ́jọ́ kejì, orin tí ẹ fi ń bú mi ní kékeré nígbà tí mo ń tọ̀ sílé ló já bọ́ lẹ́nu mi. Gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ ọ́ báyìí, títí kan ọ̀gá wa. Wọn ò gbọ́ èdè wa, wọ́n kàn ń jó. Ìkà ni yín.

Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ má dárúkọ aṣọ lílọ̀ fún wọn. Tí wọ́n bá bi yín bóyá àwọn ará ibí ń kọ orin mi, ẹ ní wọ́n ń kọ ọ́.